Postdoc: Kí Ló Wà Níbẹ̀ Tí Kò Sí Nílé?

Ọdún 1979 ni Ilesanmi Adesida, ọmọ bíbí Ìfọ́n ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, gba oyè PhD nínú iṣẹ́ ẹnjiníà iná mànàmáná ní Yunifásítì California, ní Berkeley. Kò padà sílé lọ́dún náà. Yunifásítì Cornell ló gbà lọ, níbi tí wọ́n ti fi owó ìjọba Amẹ́ríkà dá ibùdó kan sílẹ̀ ní 1977 fún ṣíṣe àwọn ẹ̀yà ẹ̀rọ tí wọ́n kéré débi pé ojú lásán kò lè rí wọn. Ó wà ní Cornell títí di 1984, ní oríṣiríṣi ipò. Nígbà tó di 1985, ó dé Bauchi, ó di olórí ẹ̀ka ẹnjiníà iná mànàmáná ní ilé ẹ̀kọ́ tí a mọ̀ lónìí sí Yunifásítì Abubakar Tafawa Balewa. Ọdún méjì ló lò níbẹ̀. Ní 1987 ó ti kọjá sí Yunifásítì Illinois, ibẹ̀ ló sì ti di ọ̀kan nínú àwọn tí gbogbo ayé ń bọlá fún nínú iṣẹ́ tránsísítọ̀ tó ń yára ṣiṣẹ́. Ní 2012 wọ́n fi í ṣe alákòóso àgbà fún ètò ẹ̀kọ́ ní yunifásítì náà.

Ẹni tó bá kórìíra postdoc lè fi ìtàn yìí jẹ́rìí: ẹ ò rí i, wọ́n gbà á lọ́wọ́ wa! Ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀ náà lè fi í jẹ́rìí: ẹ ò rí i, ọdún márùn-ún Cornell yẹn ló sọ ọ́ di ẹni tó dà! Òótọ́ wà lọ́wọ́ àwọn méjèèjì, ìdí nìyẹn tí àríyànjiyàn yìí kì í fi í tán láàárín àwọn ọ̀dọ́ ọ̀mọ̀wé wa ní Ìbàdàn, ní Ifẹ̀ àti ní Àkókà. Lójú tèmi, ìbéèrè náà gan-an ni wọn kò gbé kalẹ̀ dáadáa. A kì í béèrè bóyá ìrìn àjò dára. Ibi tí à ń lọ àti ohun tí à ń lọ mú níbẹ̀ là ń béèrè. Iṣẹ́ físíìsì, iṣẹ́ kọ̀ǹpútà àti iṣẹ́ ṣíṣe ẹ̀rọ kéékèèké kò rí bákan náà. Ohun tí postdoc lè ṣe fún ẹni tó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò sì lè dọ́gba.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń sọ. Ẹni tó ń ṣe postdoc ti kàwé débi tí ìwé parí sí. Ọ̀mọ̀wé ni, wọ́n ti fi oyè dá a lọ́lá, àmọ́ kò tíì di olùkọ́ tó ní yàrá ìwádìí tirẹ̀. Ó dà bí ọmọ iṣẹ́ télọ̀ tó ti gba fíríìdọ̀mù, tó ti ṣe ayẹyẹ, tó ti ya fọ́tò, àmọ́ tó ṣì jókòó sí ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá torí pé kò tíì rówó ra ẹ̀rọ: wọ́n ń sanwó fún un báyìí, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sì ti mọ́ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, ṣùgbọ́n orúkọ ọ̀gá ló wà lára pátákó. Ìwé àdéhùn rẹ̀ kì í sábà ju ọdún kan sí mẹ́ta lọ. Bí ó bá parí, ó lè rí òmíràn, ó sì lè má rí.

Àǹfààní rẹ̀ pọ̀ fún ẹni tó bá mọ ibi tó yẹ kó wò. Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ní èyí tí wọ́n fi sọrí Marie Skłodowska-Curie: oṣù 12 sí 24 ni, ọmọ orílẹ̀-èdè yòówù lè tọrọ rẹ̀, bí kò bá tíì ju ọdún mẹ́jọ lọ tó ti gba PhD, tí kò sì tíì gbé orílẹ̀-èdè tó fẹ́ lọ ju oṣù 12 lọ láàárín oṣù 36 tó ṣáájú. Ti Humboldt ní Jámánì ń gba ẹni tí kò tíì ju ọdún mẹ́rin lọ lẹ́yìn PhD, fún oṣù 6 sí 24. Japan ní ti JSPS, Royal Society ti Ìlú Ọba ní ti Newton, CERN náà ń gbani ní Geneva. Ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù lọ ni èyí tí ọ̀jọ̀gbọ́n kan fi owó ìwádìí tirẹ̀ gbani sí: ó rí owó gbà, ó nílò ọwọ́, ó kéde. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín oríṣi méjì yìí kò kéré rárá. Ẹni tó bá gba owó lórúkọ ara rẹ̀ lè yan ohun tó fẹ́ wádìí, ó tiẹ̀ lè kó ẹrù rẹ̀ lọ bí ọ̀gá bá ń yọ ọ́ lẹ́nu. Ẹni tí ọ̀gá fowó ara rẹ̀ gbà, ìbéèrè ọ̀gá ló máa dáhùn.

Níbi iṣẹ́ ṣíṣe ẹ̀rọ kéékèèké, ìyẹn tránsísítọ̀, chip àti sensor, ẹnu àwọn tó ń gbè sẹ́yìn postdoc gbà dáadáa. Inú yàrá tí wọ́n ti ń sẹ́ eruku kúrò nínú afẹ́fẹ́ tọ̀sán-tòru ni wọ́n ti ń ṣe wọ́n. Nínú yàrá tí wọ́n ń pè ní Class 100, ẹ̀ka eruku tó tó ìdajì micron tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kò gbọdọ̀ ju 100 lọ nínú àpótí afẹ́fẹ́ tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà kan, tó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà kan, tó sì ga ní ẹsẹ̀ bàtà kan. Nínú yàrá lásán, ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún ni wọ́n, a ò tíì sọ ti ìgbà ọyẹ́ tí eruku ń wọ inú àpótí tí a tì pa. Ẹ̀rọ tó ń fi ìtànṣán electron ya àwòrán sórí sílíkọ́ọ̀nù ń náni ní mílíọ̀nù dọ́là, ọ̀kan ṣoṣo rẹ̀. Àwọn tó ń ṣe ẹ̀yà kọ̀ǹpútà quantum tún ń lo fíríìjì kan tó ń mú nǹkan tutù títí tó fi kù bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún digiri kó dé ibi tí òtútù kò lè kọjá mọ́. Ọjọ́ mélòó kan ló fi ń tutù débẹ̀. Bí iná bá ṣẹ́jú lọ bí ó ti máa ń lọ ládùúgbò wa, gbogbo ọjọ́ yẹn ti ṣòfò.

Kò sí làákàyè tó lè rọ́pò irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe tránsísítọ̀, ọwọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ dé ibi tí wọ́n ti ń ṣe é, ó gbọ́dọ̀ ba ọ̀pọ̀lọpọ̀ jẹ́ kó tó mọ èyí tó dára. Ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin PhD kì í sábà tó fún un. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá sọ fún mi pé Adesida ìbá ti padà sílé tààrà ní 1979, ìbéèrè mi ni pé kí ni ì bá fi ṣiṣẹ́? Chọ́ọ̀kì?

Ẹ wo Omowunmi Sadik pẹ̀lú. Èkó ni wọ́n bí i sí, Yunifásítì Èkó ló ti kẹ́kọ̀ọ́ kẹ́místrì, ó sì gba PhD ní Wollongong ní Ọsirélíà ní 1994. Ọdún méjì ló fi ṣe postdoc lábẹ́ National Research Council ní Amẹ́ríkà, ní ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ìmọ́tótó àyíká. Ní 1996 Yunifásítì Binghamton gbà á ní olùkọ́, ibẹ̀ ló sì ti di ọ̀jọ̀gbọ́n àti gbajúmọ̀ nínú iṣẹ́ biosensor, ẹ̀rọ tó ń tú fó ohun olóró tó fara pa mọ́ sínú omi tàbí afẹ́fẹ́. Ọdún méjì, lẹ́yìn náà iṣẹ́ tó dúró. Bí gbogbo postdoc bá rí báyìí ni, n kò ní máa da ọ̀rọ̀ púpọ̀ sílẹ̀ níbí.

Wọn kì í rí báyìí. Andre Geim gba PhD ní Rọ́ṣíà ní 1987. Ní 1990 ó rí àyè oṣù mẹ́fà ní Nottingham, ó rí ohun tí ènìyàn lè ṣe nígbà tí ẹ̀rọ bá wà, kò sì fẹ́ padà sí ibi tí gbogbo agbára ń bá wíwá irinṣẹ́ kiri lọ. Láti ìgbà náà títí di 1994 ló ń ti Nottingham bọ́ sí Bath, tó ń lọ sí Copenhagen, kó tó rí ipò gidi ní Nijmegen. Ní 2004, òun àti Konstantin Novoselov ya graphene sọ́tọ̀ ní Manchester, èyí tó fún wọn ní ẹ̀bùn Nobel ní 2010. Ìtàn rẹ̀ dùn létí nítorí pé a mọ ibi tó parí sí. Ṣùgbọ́n ní 1993, bí ẹ bá rí ọkùnrin náà, ẹni tó ti lé lọ́mọ ọgbọ̀n ọdún tó ń ṣí kiri láti ìlú dé ìlú lẹ ó rí.

Iye àwọn tí ìtàn wọn kì í dé Nobel, tí kì í tilẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì olùkọ́, ni àwọn alátakò ń tẹ̀ mọ́. Ní 2010, Royal Society tẹ ìwádìí kan jáde lórí ọ̀nà tí àwọn tó gba PhD sáyẹ́ǹsì ní Ìlú Ọba ń tọ̀. Nínú ọgọ́rùn-ún wọn, bíi 30 ló ń bọ́ sínú iṣẹ́ ìwádìí oníwèé àdéhùn bíi postdoc. Àwọn tó ń rí iṣẹ́ ìwádìí tó dúró ní yunifásítì jẹ́ 3.5. Àwọn tó ń di ọ̀jọ̀gbọ́n jẹ́ 0.45, kò tó ẹyọ kan. Ẹ tún un kà. Nínú ẹgbẹ̀rún kan ọ̀mọ̀wé, ọ̀jọ̀gbọ́n kò ju mẹ́rin tàbí márùn-ún lọ. Ohun tó burú níbẹ̀ kì í ṣe pé àwọn yòókù kò ríṣẹ́, nítorí ọ̀pọ̀ wọn ló ríṣẹ́ dáadáa níbòmíràn. Ó burú pé kò sẹ́ni tó ń sọ ọ́ fún wọn nígbà tí wọ́n ń kówèé wọn jọ.

Jámánì tilẹ̀ fi òfin de àkókò postdoc. Òfin tí wọ́n ṣe ní 2007 fún olùwádìí ní ọdún mẹ́fà ṣáájú PhD àti ọdún mẹ́fà lẹ́yìn rẹ̀ lórí ìwé àdéhùn olóṣù bíi mélòó kan. Bí kò bá rí ipò tó dúró nígbà yẹn, àfi kó rí owó ìwádìí láti ìta, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yunifásítì kò lè gbà á bẹ́ẹ̀ mọ́. Ní 2021, fídíò kan tí iléeṣẹ́ ìjọba fi ṣàlàyé òfin náà, tí wọ́n fi ọmọbìnrin inú àwòrán kan tí wọ́n pè ní Hanna ṣe àpẹẹrẹ, bí àwọn olùwádìí nínú gan-an ni. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn ló bọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì láti sọ pé àwọn náà ni Hanna.

Gúúsù Áfíríkà, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà ń gbà lọ torí pé ó sún mọ́ni, ní ọgbọ́n tirẹ̀. Owó ìrànwọ́ ni wọ́n sábà máa ń fún postdoc níbẹ̀, owó oṣù kọ́. Owó orí kò kàn án, èyí dára, ṣùgbọ́n owó ìfẹ̀yìntì kò sí nínú rẹ̀, kì í sì í ṣe òṣìṣẹ́ lójú ìwé. Ẹni tó bá lo ọdún márùn-ún bẹ́ẹ̀ ti sún mọ́ ogójì ọdún láìní kọ́bọ̀ tí wọ́n fi pa mọ́ fún ọjọ́ ogbó rẹ̀.

Ká wá gbọ́ ti físà. Ní Ìlú Ọba, owó ìlera tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ àlejò ti di £1,035 lọ́dún fún àgbàlagbà àti £776 fún ọmọdé láti oṣù kejì 2024, ẹ̀ẹ̀kan náà ni wọ́n sì ń gba ti gbogbo ọdún tí físà yóò fi wà. Ẹni tó ń mú ìyàwó tàbí ọkọ àti ọmọ méjì lọ fún ọdún mẹ́ta yóò san £10,866, kó tó san owó físà fúnra rẹ̀, kó tó wọ bàálù. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ kan ń dá a padà, àwọn kan ń yáni, àwọn kan kò mọ̀ ọ́n. Amẹ́ríkà kò fi bẹ́ẹ̀ sàn. Ní oṣù kẹsàn-án 2025, ààrẹ ibẹ̀ pàṣẹ pé kí wọ́n máa gba $100,000 lórí ìbéèrè tuntun fún físà H-1B, físà kan náà tí ọ̀pọ̀ yunifásítì fi ń gba postdoc wọlé. Ẹni tí físà rẹ̀ so mọ́ iṣẹ́ rẹ̀ kì í lè bá ọ̀gá jiyàn bí ó ti yẹ. Ọ̀gá náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Òun náà ni yóò kọ lẹ́tà ìjẹ́rìí, òun náà ni yóò sọ orúkọ ẹni tó máa ṣáájú lórí àpilẹ̀kọ. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá ni kì í lo agbára yìí nílòkulò. Ṣùgbọ́n ìwà rere ọ̀gá kì í ṣe ohun tó yẹ kí ẹnikẹ́ni gbẹ́kẹ̀ ọjọ́ ọ̀la rẹ̀ lé.

Àkókò náà tún ni ti ọmọ bíbí. Ọdún 30 sí 38 tí ènìyàn fi ń ti ìlú kan bọ́ sí òmíràn ni ọdún tí ìyá ń béèrè ọmọ-ọmọ lórí fóònù, tí ara òbí nílé sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹlẹ̀. Àwọn obìnrin ló ń ru ẹrù yìí jù, bí gbogbo wa ti mọ̀ tí a kì í sì í fẹ́ sọ.

Ṣé gbogbo ẹ̀rọ ńlá ló wá láti ọwọ́ postdoc ni? Ẹ wo gílóòbù LED tó ń tàn nínú ilé yín. Shuji Nakamura, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta tó mú un ṣeé ṣe, òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Nichia ni, ní Tokushima ní Japan. Kò ní PhD nígbà náà. Ní 1988 iléeṣẹ́ rẹ̀ rán an lọ sí Yunifásítì Florida fún nǹkan bí ọdún kan, kó lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń hu krístálì, wọ́n sì fojú onímọ̀ ẹ̀rọ lásán wò ó níbẹ̀ torí pé kò ní oyè. Ó padà sílé, ó tún ẹ̀rọ náà ṣe lọ́nà tirẹ̀, nígbà tó sì di 1993, iná aláwọ̀ búlúù tó mọ́lẹ̀ gan-an, èyí tí gílóòbù yín dúró lé, ti jáde. Ní 2014 ó gba Nobel pẹ̀lú Akasaki àti Amano. Àwọn alátakò fẹ́ràn ìtàn yìí gan-an. Mo fẹ́ràn rẹ̀ pẹ̀lú, àmọ́ ẹ má gbàgbé ìdajì tó kù: Nichia ló ra ẹ̀rọ fún un, iná kì í lọ ní Tokushima, owó ìmọrírì tí wọ́n kọ́kọ́ fún un sì jẹ́ 20,000 yen, èyí tó gbé e dé ilé ẹjọ́. Iléeṣẹ́ náà kì í ṣe párádísè.

Nínú iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ọ̀rọ̀ yàtọ̀ pátápátá. Àpilẹ̀kọ 2017 tí gbogbo ẹ̀rọ asọ̀rọ̀ bíi ChatGPT dúró lé, ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn mẹ́jọ tó kọ ọ́ ló ń ṣiṣẹ́ ní Google. Ẹni tó bá gba PhD nínú iṣẹ́ yìí lè bọ́ sí iléeṣẹ́ tààrà, kí owó rẹ̀ sì ju ti postdoc lọ ní ìlọ́po méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, nígbà tí ọrọ̀ ajé dẹnu kọlẹ̀ tí yunifásítì kò gbani síṣẹ́, wọ́n fi owó ìjọba dá ètò postdoc kan sílẹ̀ ní 2009 fún àwọn ọ̀mọ̀wé kọ̀ǹpútà, kí wọ́n má baà fọ́n ká. Nígbà tí Kòrónà dé, wọ́n tún gbé e dìde ní 2020. Ìyẹn ni pé nínú iṣẹ́ yìí, postdoc sábà máa ń jẹ́ ibi tí ènìyàn fi ń dúró de ìgbà tó máa dára.

Síbẹ̀, ìdúró náà máa ń so èso nígbà míràn. Geoffrey Hinton gba PhD ní Edinburgh ní 1978, nígbà tí àwọn ènìyàn gbà pé ọ̀nà tó ń tọ̀, ìyẹn kíkọ́ kọ̀ǹpútà bí ọpọlọ ṣe ń kẹ́kọ̀ọ́, kò lè já síbì kankan. San Diego ló gbà lọ ṣe postdoc, ibẹ̀ ló ti pàdé David Rumelhart, iṣẹ́ tí wọ́n jọ ṣe sì jáde ní 1986. Ní 2024 wọ́n fún un ní Nobel físíìsì, òun àti John Hopfield. Iléeṣẹ́ wo ni ì bá gbà á ní 1978 kó máa wádìí ohun tí ayé kà sí asán? N kò rò pé ọ̀kan wà.

Ẹ tún wo ọmọ wa David Adelani. Abẹ́òkúta ló ti kọ́kọ́ kàwé, ní Yunifásítì Iṣẹ́ Àgbẹ̀, ó ṣe ìkejì ní AUST ní Àbújá, ó gba PhD ní Saarland ní Jámánì, ó ṣe postdoc ní University College London lórí owó DeepMind, ó sì di olùkọ́ ní McGill ní Kánádà. Iṣẹ́ tí wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́ ni kíkọ́ kọ̀ǹpútà ní èdè Áfíríkà, Yorùbá pẹ̀lú. Apá pàtàkì nínú iṣẹ́ yẹn ti jáde kó tó dé Lọ́ńdọ̀nù. Masakhane, ẹgbẹ́ tó wà nínú rẹ̀ tí wọ́n ti ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2019, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni àwọn ọmọ Áfíríkà láti ìlú oríṣiríṣi ti pàdé ṣe é, láìní ilé kan tí wọ́n lè pè ní tiwọn. Bí mo ṣe rí i, postdoc ṣe ohun méjì fún ẹni bẹ́ẹ̀: ó fún un ní àyè láti ronú láìsí pé kíláàsì ń pè é, ó sì jẹ́ kí ẹnu ọ̀nà yunifásítì ńlá ṣí. Kò fún un ní ìmọ̀. Ìmọ̀ ti wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Físíìsì tó jẹ́ ti ìrònú àti ìṣirò, èyí tí pẹ́ńsùlù àti kọ̀ǹpútà tó fún, ó ní ìtàn tó yẹ kí gbogbo ọ̀gá yunifásítì wa mọ̀. Abdus Salam padà sí Lahore ní Pakistan láti Cambridge ní 1951. Ilé ẹ̀kọ́ tó gbà á kò mọ ohun tí wọ́n lè fi í ṣe, wọ́n ní kó máa bójú tó ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù. Ẹni tó máa gba Nobel ní 1979 rèé! Kò sí ẹni tó lè bá jíròrò físíìsì, ìwé tuntun kì í tètè dé. Ní 1954 ó padà sí Ìlú Ọba. Ohun tó ṣe lẹ́yìn náà ni mo fi ń bọ̀wọ̀ fún un: ní 1964 ó dá ICTP sílẹ̀ ní Trieste ní Ítálì, kí ọmọ orílẹ̀-èdè tálákà má baà ní láti yàn láàárín ilé rẹ̀ àti iṣẹ́ rẹ̀. Lábẹ́ ètò Associate wọn, olùkọ́ tó wà ní Ìbàdàn lè lọ Trieste nígbà mẹ́ta láàárín ọdún mẹ́fà, kó ṣe oṣù díẹ̀ níbẹ̀, kó padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Láti 2018, wọ́n ní ẹ̀ka kan ní Kigali ní Rwanda. Láti 1991 ni arXiv sì ti gbé àpilẹ̀kọ físíìsì sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Ohun tó lé Salam kúrò ní Lahore ti dín kù púpọ̀ fún ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju ìrònú àti ìṣirò lọ.

Wọ́n á ní kí ẹni tó bá dúró sílé wá ṣe kí ni? Ìyanṣẹ́lódì ASUU ti 2022 bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 14 oṣù kejì, ó parí ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá: oṣù mẹ́jọ. Dọ́là tó wà ní nǹkan bí ₦460 ní ọjà ìjọba ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà 2023 ti kọjá ₦1,400 kí ọdún kan tó pé, gáàsì àti kẹ́míkà tí yàrá ìwádìí ń lò sì jẹ́ ohun tí à ń fi dọ́là rà. Iná Band A ti ₦68 fò dé ₦225 ní oṣù kẹrin 2024. N kò lè dá ẹni tó sá fún èyí lẹ́bi.

Àmọ́ ilé kì í ṣe òfo, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Ní Ilé-Ifẹ̀, ní ibùdó ìwádìí agbára ní OAU tí wọ́n ń pè ní CERD, ẹ̀rọ Pelletron kan wà tí agbára rẹ̀ jẹ́ 1.7 mílíọ̀nù fólìtì. Ó ń ju ẹ̀yà átọ́ọ̀mù lu nǹkan láti fi mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, bóyá òkúta ni o, bóyá eruku afẹ́fẹ́. Kì í ṣe gbogbo yunifásítì òkè òkun ló ní irú rẹ̀. Olùkọ́ tó níṣẹ́ nílé tún ní ohun tí postdoc kò ní: òfin fún un láyè láti ṣiṣẹ́ títí di ọdún 65, ọdún 70 bó bá jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n, pẹ̀lú owó ìfẹ̀yìntì. Ó ní akẹ́kọ̀ọ́ tirẹ̀. Ó lè pinnu ohun tó fẹ́ wádìí, bó ti wù kó kéré mọ. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó wà lókè òkun lè máa fi ìyẹn jowú rẹ̀ láìsọ.

Ibi tí mo dúró sí nìyí. Bí iṣẹ́ yín bá jẹ́ ti ṣíṣe ẹ̀rọ kéékèèké, ẹ lọ. Owó físà àti ìṣòro ọ̀gá burú, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ náà kò sí níbí, kò sì ní sí láìpẹ́. Ẹ kọ́ bí wọ́n ṣe ń lò ó àti bí wọ́n ṣe ń tún un ṣe, ẹ má sì jẹ́ kó ju postdoc kan lọ, méjì ó pọ̀ jù. Bí ẹ bá wà nínú kọ̀ǹpútà, ẹ má gba postdoc àfi tó bá fún yín ní òmìnira láti wádìí ohun tí iléeṣẹ́ kò ní fowó sí. Bí iṣẹ́ ọ̀gá lásán ni, iléeṣẹ́ yóò sanwó jù fún iṣẹ́ kan náà. Bí ti físíìsì ìṣirò bá ni, ẹ lo ọdún kan tàbí méjì kẹ́ ẹ mọ àwọn ènìyàn, lẹ́yìn náà ẹ lo Trieste àti Kigali láti ilé.

Ohun kan kù tó wà lọ́wọ́ àwọn aláṣẹ yunifásítì wa. Olùkọ́ tó bá gba àyè ọdún méjì sókè òkun sábà máa ń padà wá bá pé wọn kò ka ọdún náà sí ìgbéga rẹ̀, tàbí pé ipò rẹ̀ ti lọ. Bí a bá ń ṣe bẹ́ẹ̀, a kò ní ẹ̀tọ́ láti máa pariwo pé wọn kì í padà. Ẹ kọ ọ́ sínú òfin yín pé ipò yóò dúró fún ọdún mẹ́ta, pé àpilẹ̀kọ tí wọ́n kọ níbẹ̀ yóò kà fún ìgbéga, kẹ́ ẹ sì wo iye tó máa padà.

Ẹ̀yin tí ìwé ìgbaniṣíṣẹ́ sì wà lọ́wọ́ yín báyìí, ẹ béèrè ohun kan ṣoṣo lọ́wọ́ ọ̀jọ̀gbọ́n tó fẹ́ gbà yín: àwọn tó ti ṣe postdoc lọ́dọ̀ rẹ̀ láti ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, níbo ni wọ́n wà lónìí? Ẹ kọ̀wé sí méjì nínú wọn kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí i. Bí kò bá lè dárúkọ ẹnikẹ́ni, ẹ má lọ.